Ẹni Tó Jí Ìyá Arógunyọ̀ Dìde

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ẹnu ayé ṣe korò tó, kí ó jókòó sínú mọ́tò láàárín àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé òun ló ni ín. Ohun tó ṣe Adégòkè nìyẹn lọ́dún 1975, nígbà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Fìdítì, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jókòó tì í ń jiyàn lórí Arógunyọ̀, ọkùnrin inú ìwé aláwòrán oṣooṣù, tó ń fò lójú ọ̀run, tó ń fi ọwọ́ kan gbé lọ́rì. Adégòkè ló dá Arógunyọ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́ kí àwọn tó ni ìwé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún Ọládipọ̀, ọmọ Ìlọrá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún.

"Ti ẹni àkọ́kọ́ le jù," ọ̀kan wí. "Ìjà ṣáá! Arógunyọ̀ kì í dárí ji ẹnikẹ́ni."

"Ìjà yẹn dùn o," èkejì dáhùn. "Ṣùgbọ́n ti Ọládipọ̀ lọ́gbọ́n nínú. Ìgbà tó jí ìyá Arógunyọ̀ dìde, mo sunkún."

Adégòkè kọjú síta. Inú ń bí i gidi. Òun ló pa ìyá yẹn lójú ewé kìn-ín-ní. Ìbínú ikú náà ni Arógunyọ̀ fi ń jà. Ta ló rán Ọládipọ̀ níṣẹ́ àjíǹde? Ó pinnu pé òun yóò ro ẹjọ́ náà fún ìyá òun, nítorí bí gbogbo ayé bá kọni, ìyá ẹni kì í kọni.

Àwẹ̀ní, ìyá rẹ̀, kò mọ̀wé. Rákẹ́lì àbúrò Adégòkè, tó jẹ́ tíṣà, ló máa ń ka ìwé náà fún un lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá gbà pé ọmọ òun ló ṣì ń kọ ọ́, Rákẹ́lì ò sì lẹ́nu àtisọ pé wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ìwé náà ni wọ́n ń kà lọ́wọ́ nígbà tí Adégòkè wọlé, tó dọ̀bálẹ̀.

"Adégòkè, o káre láé!" Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nígbà tóo pa ìyá ọmọ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní, kí ni mo fi ṣẹ ọmọ mi? Èmi wà láàyè, ó ń kọ òkú ìyá sínú ìwé! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, mo ń fẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n látìgbà tóo ti jí i dìde, tí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un, ara mi balẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́."

Rákẹ́lì ń wo ilẹ̀. Ó rọrùn láti ní "ẹ ṣé, màmá," kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òun gba ọpẹ́ iṣẹ́ Ọládipọ̀? Ìgbéraga ò jẹ́.

"Màmá, kì í ṣe èmi ni mo jí i. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìlọrá kan ló jí i, ó sì ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ìyá wò ó lójú. "Ẹni tó pa á ńkọ́?"

"Èmi ni, màmá."

Ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Rákẹ́lì, máa kà á lọ," ó wí. "Níbi tí ìyá ti ń súre fún ọmọ rẹ̀."