Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Sọ Mí

1.

…nítorí náà, òdì ni mo ń gbẹ́ ẹ. Lẹ́tà tó bá máa dára lára awọ, òdì ló gbọ́dọ̀ wà lára idẹ. Mo gbé jígí kékeré kan síwájú, ojú mi wà nínú jígí, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ níta. Ọ rọrùn. Bó o bá yí i pa dà, Ọ náà ni. W náà bẹ́ẹ̀. D ló fìyà jẹ mí. Àmì orí lẹ́tà náà sì lọ́gbọ́n tiẹ̀: nínú jígí, èyí tó ń gòkè á di èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Òǹtẹ̀ tí màá máa fi tẹ orúkọ sára àpò ni, ìkẹrin ẹ̀ sì nìyí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mọ́ tó. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà lórí ẹ̀.

Kò sóhun tó ń lé mi.

(Mi ò ní pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn nìyẹn.)


2.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Èmi. Mò ń fi awọ ṣe àpò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú àpò àtijọ́ kan palẹ̀, mo ka ihò abẹ́rẹ́ ara ẹ̀, mo tún un rán. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ń tún fíríìjì ṣe. Kì í fẹ́ wàhálà.

Ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń bá mi gbé àpò lọ fún àwọn oníbàárà. Òun ló sọ mí lórúkọ.


3.

Bó ṣe sọ mí lórúkọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tó wọlé wá. Kò lè la ẹnu pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí, bí mo tiẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọkọ náà ni mo jẹ́ fún un. Ó ní láti wá nǹkan míì. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá mi nílẹ̀ páálọ̀, mo ti tú aago ògiri palẹ̀, mo to àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú ẹ̀ sórí ìwé ìròyìn láti orí kékeré dé orí ńlá. Ó gbé àwo dání. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Ọkọ mi, ọwọ́ yín ò tiẹ̀ dilẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀. Ilé gbà á. Àdúgbò gbà á. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé.

[Ẹ̀gbọ́n mi fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé: Rédíò ni, kì í ṣe aago.]


4.

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ní kí n kọ orúkọ òwò mẹ́ta, bóyá ẹnì kan á ti gba àkọ́kọ́.

(i) Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀
(ii) Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀ Aláwọ
(iii) ______________

Mo fi ìkẹta sílẹ̀ lófo. Ta ló fẹ́ gba orúkọ mi?


5.

OHUN TÍ MO KỌ́ ÌYÀWÓ WA

Bí wọ́n ṣe ń fi èékánná mọ awọ gidi.

Abẹ́rẹ́ méjì lórí òwú kan. Ọ̀kan gba ọ̀tún wọlé, ọ̀kan gba òsì, inú ihò kan náà ni wọ́n ti ń kọjá ara wọn. Bí ojú kan bá já, èkejì ṣì dì í mú.

Bí wọ́n ṣe ń fi ìda pa òwú kó má baà tètè gbó.

Ibi tí mo ti ń ra awọ.

Ohun tó máa ń pa ẹni tó ń tà á lẹ́rìn-ín, tó fi máa ń yọ èyí tó dáa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi.


6.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ORÍ FÓÒNÙ MI

ÌYÀWÓ WA: Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀ mi, òǹtẹ̀ yẹn ńkọ́?
ÈMI: Ó ku D.
ÌYÀWÓ WA: D ti oṣù tó kọjá? Ṣé ẹ lóyún ẹ̀ ni?
ÈMI: Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ tó bá tán ni mo máa lọ forúkọ sílẹ̀.
ÌYÀWÓ WA: Kí ni wọ́n ń gbà níbẹ̀?
ÈMI: Ìwé ìdánimọ̀, fọ́tò méjì, àdírẹ́sì, irú iṣẹ́. Kò le.
ÌYÀWÓ WA: Ẹ ya fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, kí n bá yín wò ó.
ÈMI: [fọ́tò mẹ́ta]
ÌYÀWÓ WA: Mo ti rí i. Ẹ ṣeun, ọkọ mi.


7.

Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Àga onírin mẹ́fà tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ra. Bí ẹnì kan bá dìde, àwọn márùn-ún tó kù á mì. Òǹtẹ̀ ti tán. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé itan. Kò sẹ́ni tó ní kí n mú un wá.

AKỌ̀WÉ: Wọ́n ti gba èyí.
ÈMI: Ẹ tún un wò.
AKỌ̀WÉ: Àǹtí, kọ̀ǹpútà ló ń wò ó, èmi kàn ń kà á ni.
ÈMI: Ìkejì ńkọ́?
AKỌ̀WÉ: Ó jọ àkọ́kọ́ jù. Ìkẹta dà?
ÈMI: Ta ló gbà á?
AKỌ̀WÉ: Ó wà lára pátákó níta. Ẹ kà á bẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹni tó kàn.


8.

ÌKÉDE
Orúkọ òwò tí a ti forúkọ wọn sílẹ̀ lóṣù yìí

Nọ́ńbà 17.
Orúkọ òwò: ỌWỌ́-Ò-DILẸ̀
Irú iṣẹ́: àpò àti bẹ́líìtì aláwọ
Ẹni tó ni ín: [orúkọ ìyàwó wa, orúkọ bàbá wa ló gbẹ̀yìn ẹ̀]
Àdírẹ́sì: [ilé wa]

Ẹni tó bá ní àtakò, kó kọ ọ́ wá láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún.


9.

Láti "Ẹ ṣeun, ọkọ mi" sí ọjọ́ tí ìyàwó wa lọ fi orúkọ náà sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin.


10.

Páálọ̀. Ìyàwó wa ń ká aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìròyìn. Bí mo ṣe rántí ẹ̀ rèé.

ÈMI: Ìyàwó wa, mo débẹ̀ lónìí.
ÌYÀWÓ WA: Ibo?
ÈMI: Ibi tí orúkọ yín wà lára pátákó.
(Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán. Ó fi ọwọ́ tẹ́ kọ́là ẹ̀.)
ÌYÀWÓ WA: Mo fẹ́ sọ fún yín.
ÈMI: Nígbà wo?
ÌYÀWÓ WA: Bí òǹtẹ̀ bá tán.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ.
ÈMI: Orúkọ mi lẹ gbà.
ÌYÀWÓ WA: Orúkọ yín wà nínú ìwé ìdánimọ̀ yín, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Èyí, ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ ò fi pe ara yín rí.
ÈMI: Ta ni wọ́n ń fi pè?
ÌYÀWÓ WA: Ta ló ń pè é?
Ẹ̀GBỌ́N MI: Inú ilé kan náà ló ṣáà wà. Kò bọ́ síta.
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ sí i?
(Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù.)
ÈMI: Ṣé ẹ mọ̀ sí i?
Ẹ̀GBỌ́N MI: Èmi ni mo ya fọ́tò tó lò. Ó ní fọ́tò lòun fẹ́.
ÌYÀWÓ WA: Ọdún méje ni mo fi ń gbé àpò kiri ọ́fíìsì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn. Wọ́n á ní, ta ló ṣe é? Màá ní, Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀ ni. Ta ló mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́? Ìwọ? Ìwọ tó ò yọjú síta?

Ìwọ.

Láti ọdún mọ́kàndínlógún, "ẹ̀yin" ni.

[Pẹ́ńsù ẹ̀gbọ́n mi: Ó bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fi orúkọ náà sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. O ní kó jẹ́ kí òǹtẹ̀ tán ná.]

Ó lè jẹ́ pé ó béèrè. Tí mo bá ń gbẹ́ nǹkan, n kì í gbọ́ràn dáadáa.


11.

ÌWÉ ÀTAKÒ (èyí tí mo kọ́kọ́ kọ)

Ìbéèrè 4: So àwòrán ọjà tí o ti tà pẹ̀lú orúkọ náà lára rẹ̀ mọ́ ìwé yìí.
Ìdáhùn: Kò sí. Mi ò tíì tẹ orúkọ sára àpò kankan. Mo ń dúró de òǹtẹ̀ tó dára.

Ìbéèrè 5: Ta ló lè jẹ́rìí pé ìwọ ni wọ́n mọ̀ mọ́ orúkọ náà?
Ìdáhùn: ~~Àwọn oníbàárà.~~ Ẹnu ìyàwó wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ.
~~Ẹ̀gbọ́n mi.~~
Ẹni tó sọ mí lórúkọ náà.


12.

Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gé awọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ìwé àtakò náà ò kúrò lórí tábìlì.


13.

Yàrá iwájú ti di ṣọ́ọ̀bù. Pátákó ẹ̀ ní iná. Ìyàwó wa ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó lè gun awọ mẹ́rin pa pọ̀, ó sì gba èèyàn méjì síṣẹ́. Mo lọ wo ẹ̀rọ náà nígbà tí wọn ò sí nílé. Mi ò ní parọ́, ó dára. Kẹ̀kẹ́ òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa ń yọ wá, á mú òwú òkè, á fi í yí ara ẹ̀ po, á sì tún jẹ́ kó lọ. Mo fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n lè rí ibi tó ti ń mú un.

Bí ojú kan bá já níbẹ̀, gbogbo ìlà ló máa tú. Mi ò sọ fún un.


14.

Obìnrin kan wà nílé yìí. Láràárọ̀, bó bá ń bọ̀ láti balùwẹ̀, ẹlòmíì á kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀, ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Bíi pé kò sí nǹkan kan.

Obìnrin náà á dáhùn. Ẹnu ẹ̀ ló ń dáhùn. Kò rán an níṣẹ́.


15.

ORÚKỌ MÍÌ

~~Aláwọ Àtàtà.~~ Bí ẹni tó ń yin ara ẹ̀.
~~Orúkọ bàbá wa.~~ Ti ẹ̀gbọ́n mi náà ni. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ ẹni tó ni ín.
~~Ọlọ́wọ́ Iṣẹ́.~~ Wọ́n á ní ó jọ ọ́ jù.
Yàrá Ẹ̀yìn.

AKỌ̀WÉ: Yàrá Ẹ̀yìn? Báyẹn nìkan?
ÈMI: Ibẹ̀ ni mo wà.
AKỌ̀WÉ: Kò sẹ́ni tó gbà á o.
ÈMI: Mo mọ̀.


16.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÌFORÚKỌSÍLẸ̀

Orúkọ òwò: YÀRÁ Ẹ̀YÌN
Irú iṣẹ́: àpò aláwọ tí a fi ọwọ́ rán
Ẹni tó ni ín: [orúkọ tí bàbá mi sọ mí]

Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́tà méjì ò hàn. Ojúlówó ni bẹ́ẹ̀ náà.


17.

Òǹtẹ̀ tuntun: ọjọ́ mẹ́ta.


18.

Àpò àkọ́kọ́ tó ní Yàrá Ẹ̀yìn lára. Awọ aláwọ̀ ilẹ̀, ojú rírán igba ó lé mẹ́rìnlélógún, àpò kékeré méjì nínú. Olùkọ́ kan ló wá gbà á. Wọ́n júwe ilé fún un, ó kọjá ṣọ́ọ̀bù iwájú, ó yí sẹ́yìn.

OLÙKỌ́: (Ó yí i po. Ó fi àtàńpàkò wọ́ ojú rírán ẹ̀.) Ẹ̀yin lẹ rán an?
ÈMI: Èmi ni, mà.
OLÙKỌ́: Ọwọ́ yín mọ́. Mo ní ọ̀kan nílé, ti Ọwọ́-Ò-Dilẹ̀ iwájú yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, ìwé ọmọ ogójì ni mò ń kó sínú ẹ̀, okùn ẹ̀ ò já rí.
ÈMI: Ọdún mẹ́fà.
OLÙKỌ́: Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń rán an nígbà yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀yin náà ti ń sún mọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.
ÈMI: Ẹ ṣeun, mà.

Iye tí mo dá lé e ló san, kò bẹ̀ mí kí n yọ nǹkan kan. Ó fi àpò náà kọ́ èjìká, ó sì gba iwájú lọ.