Ọjọ́ Mẹ́wàá Láìsí Ọmú

4.
…tó sì tu ògì náà jáde nígbà kẹta. Adùnọlá, ọmọ oṣù mẹ́jọ, pa ẹnu dé pinpin, ó kọjú sí ọmú ìyá rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Àrínọlá, ìyá rẹ̀, wọ ọkọ̀ òfurufú.

5.
ÀKỌLÉ ÌWÉ TÍ ÀRÍNỌLÁ YÓÒ KÀ NÍBI ÌPÀDÉ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ, OṢÙ KẸSÀN-ÁN, 1975:
*Ìdí Tí Àwọn Abiyamọ Oníṣẹ́ ní Mushin Fi Ń Tètè Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ*

6.
Igba abiyamọ ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, láti Ojúwòyè dé Ìdí-Òró, nítorí oyè dókítà. Ọ̀kan nínú wọn, Kùdírátù aránṣọ, bi í léèrè:

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ti bímọ?"

Nígbà náà, kò tíì bí.

7.
LẸ́TÀ LÁTỌ̀DỌ̀ Ọ̀GÁ RẸ̀ NÍ YUNIFÁSÍTÌ
Bí o kò bá lè lọ, èmi ni n ó kà á. Orúkọ mi ni yóò sì ṣíwájú. Fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

8.
Ilé ìyá Àrínọlá, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Gbádé ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

ÌYÁ: Fi ewúro pa ọmú lórí. Tó bá ti korò, ọmọ á fi í sílẹ̀ fúnra ẹ̀.
ÀRÍNỌLÁ: Màámi, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò dáa ká gbà á lójijì.
ÌYÁ: Ìwé yẹn náà kọ́ ló ń gbé ẹ lọ?
GBÁDÉ: Mà, ẹ rọra.
ÌYÁ: Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbà á lẹ́nu tìẹ. Ṣé o kú ni?

9.
Àrínọlá fi ewúro pa ọmú rẹ̀.

Ọmọ náà fẹnu kàn án, ó figbe ta. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó tún gbá ọmú mú.

Ó ń sunkún, ó ń mu ún.

10.
Ó fún ọ̀gá rẹ̀ lésì. Gbólóhùn kan ṣoṣo:

*Mò ń lọ.*

11.
Lọ́ńdọ̀nù. Ọmú rẹ̀ le bí òkúta. Ó dúró nílé ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ó ń fún wàrà dànù, ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè kí ó má baà gbọ́ bó ṣe ń dà.

12.
WÁYÀ LÁTI SURULERE
ỌMỌ TI Ń MU ÒGÌ LỌ́DỌ̀ MÀMÁ. MÁ DÀÁMÚ. GBÁDÉ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú rẹ̀ dùn. Ó sì ń jowú ògì.

13.
Gbọ̀ngàn ìpàdé. Ó ti kà á tán.

OBÌNRIN KAN LÁTI Ẹ̀YÌN: Kí ni ká sọ fún àwọn ìyá wọ̀nyí kí wọ́n má fi tètè gba ọmú lẹ́nu ọmọ?

(Àrínọlá pa ìwé rẹ̀ dé.)

ALÁGA: Ìyáàfin?

ÀRÍNỌLÁ: Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ.

14.
Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn.

15.
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọjọ́ kọkànlá. Àrínọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà.

"Màmá ẹ ló dé o," ni ìyá àgbà wí.

Adùnọlá wò ó. Ó wo ìyá àgbà. Ó tún wo Àrínọlá.

Kò sunkún. Kò rẹ́rìn-ín.

Àrínọlá kò tíì na ọwọ́ sí i.