Sítóòfù Tí Yóò Gbé Ìkòkò Àmínát

Láti ìgbà tí Àmínát ti wọ ilé ọkọ ní Àgùdà ló ti ń pe Ọlábọ̀dé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní Bọ̀dá Ọ́fíìsì. Inú ọ̀gbẹ́ni náà máa ń dùn sí orúkọ yìí. Ó rò pé ìyàwó ń yẹ́ òun sí ni. Kò mọ̀ pé torí kò sí iṣẹ́ kan láyé tí òun lè fi ọwọ́ ara òun ṣe ni wọ́n ṣe fún òun lórúkọ náà. Bí gílóòbù bá jó, á ní kí wọ́n lọ pe ènìyàn wá. Bí ìlẹ̀kùn bá ń han, á ní kí wọ́n lọ pe ènìyàn wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ẹnu tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà. Àmínát á kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà", ọkàn rẹ̀ á sì máa sọ pé, "Ìwọ yìí tún dé."

Akínyẹlé ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Láti Èkó dé Kánò, láti Kánò dé Máídúgùrì, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú títì kó tó rí ilé. Inú ọkọ̀ ló ń sùn, oúnjẹ aláta ẹ̀bá títì ló ń jẹ, ìgbà tó bá sì rí i ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, ó ń bi ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni: kó máa jẹun lásìkò, kó má sì fẹnu kan ata mọ́. Akínyẹlé kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti wà ní yunifásítì. Ni Àmínát bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún Lateefat àbúrò rẹ̀, ó ní òun á bá ọkọ òun gun mọ́tò, òun á sì máa dáná fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti dúró.

Ọlábọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, o ò ní lo ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti sítóòfù ni, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo ti wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń gbé inú mọ́tò, kò sí èyí tí mi ò mọ̀ níbẹ̀."

Bó ṣe tẹ̀ lé e lọ ra sítóòfù ní Muṣin nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó wọ bàtà aláwọ tó ń dán, ó fi fóònù síwájú bí ẹni tí fóònù ń fà lọ. Àmínát gbé ìkòkò irin rẹ̀ dání, èyí tó nípọn tó sì wúwo, tó ti fi ń se oúnjẹ láti ìgbà ìgbéyàwó wọn. Àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ń wò wọ́n.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ọlábọ̀dé bi í. "Ṣé sàráà lo fẹ́ lọ ṣe ní Muṣin ni?"

"Mo fẹ́ kí òun àti sítóòfù kọ́kọ́ rí ara wọn ni, sà."

Ṣọ́ọ̀bù Muadh tó ń ta sítóòfù ni wọ́n dé. Muadh ò níṣòro: sítóòfù tí oníbàárà bá ti fọwọ́ kàn, òun gan-an ni Muadh ń lò nílé. Kí Àmínát tó jókòó, mẹ́ta ló ti ní òun ń lò.

Ọlábọ̀dé na ọwọ́ sí ọ̀kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ń dé e mọ́ orí agolo gáàsì kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta sì ṣeé ká kò.

"Èyí nìyí! Orí òkè yìnyín ni wọ́n ti ń lò ó. Ó fúyẹ́, ó sì rẹwà."

"Wallahi, ọ̀gá mojú ọjà," ni Muadh wí.

Àmínát gbé e sójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ti tata. "Bí agolo yìí bá tán ní Mókwá, níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn rà?"

"Ẹ lè gbé páálí kan dání, ìyá mi."

"Kí n kó páálí gáàsì sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń yan láti àárọ̀ dalẹ́, kí ọkọ mi wá máa sùn tì í? Ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tó o sọ?"

Muadh gbé òmíràn sílẹ̀, èyí tó pẹlẹbẹ bí àpótí ìwé. Agolo kan náà ló ń lò. Àmínát ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Muadh gbé ti kẹrosíìnì. Àmínát ní èéfín tí òun ti fà sínú fún ọgbọ̀n ọdún ti tó òun. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ nàka sí káńpù gáàsì kan ní kọ̀rọ̀: ó kúrú, ó ki, iná rẹ̀ wà lórí sílíńdà rẹ̀, kò sì sí ìlú tí wọn kì í ti í rọ gáàsì sí irú rẹ̀.

Ọlábọ̀dé yímú. "Èyí táwọn alásè índómì ń lò létí títì!"

"Ebi ò tíì pa oníbàárà wọn kú rí, sà. Muadh, bu omi sínú ìkòkò yìí. Ti Bọ̀dá la ó kọ́kọ́ tàn."

Wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iná tàn, ó búlúù, ó lẹ́wà. Ọlábọ̀dé ń ya fọ́tò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, atẹ́gùn fẹ́, iná náà dọ̀bálẹ̀. Àmínát gbé ìkòkò lé e. Ẹsẹ̀ kan rọra tẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, ìkòkò sì yí gbirigbiri, ó da omi tó kún un sínú bàtà Ọlábọ̀dé. Muadh sáré pa iná.

"Ilẹ̀ ibí yìí ni ò tẹ́jú!" Ọlábọ̀dé pariwo, omi ń dún nínú bàtà rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Títì Mókwá ló tẹ́jú."

Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì bú sẹ́rìn-ín. Àmínát ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Muadh po ọṣẹ, ó fi ọṣẹ náà pa ọrùn káńpù gáàsì yí po. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbi tí gáàsì ti ń jò.

"Atẹ́gùn lásán ni," Muadh wí.

"Atẹ́gùn lásán ló ń jó ilé èèyàn. Gbé òmíràn wá."

Ẹ̀kẹta ni ọṣẹ ò hó lára rẹ̀. Ó gbé ìkòkò lé e, kò mì. Òun ló rà. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi páànù ṣe garawa, ó ní kó ṣe ohun tí yóò máa dí atẹ́gùn mọ́ iná fún òun, kó sì ṣe ìjókòó fífẹ̀ tí sílíńdà náà máa dúró lé. Ọlábọ̀dé ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ìrìn àjò, lẹ́yìn Jẹ́bà, wọ́n páàkì síbi táwọn onítírélà ti ń sinmi. Àmínát sọ̀ kalẹ̀, ó gbé iná rẹ̀ jìnnà sí ọkọ̀, ó fi páànù dí atẹ́gùn, ó se ìrẹsì àti ẹja tútù tí kò ní ata rárá. Akínyẹlé jẹ ṣíbí kan, ojú rẹ̀ fà ro.

"Àmínát, oúnjẹ aláìsàn rèé."

"Ta ló wá ń ṣàìsàn? Èmi ni?"

Ó jẹ ẹ́ tán. Àwọn awakọ̀ yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní ọmọ ìkókó. Àmínát wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bu ata jẹ, tí wọ́n ń di inú mú, ó sì lọ fọ ìkòkò rẹ̀.

Lóṣù kẹrin ni dókítà yẹ Akínyẹlé wò, ó ní ọgbẹ́ náà ti ń jinná. Ẹbí pé jọ ní Àgùdà lọ́jọ́ Sunday láti bá wọn yọ̀. Ọlábọ̀dé ló dìde, ó gbá àyà.

"Bí kì í bá ṣe èmi tí mo tẹ̀ lé ìyàwó wa lọ sí Muṣin ńkọ́? Ohun tí kò ní láárí ni ì bá rà!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Akínyẹlé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn bàtà náà, ẹ̀rín ti ń gùn ún. Àmínát wo Ọlábọ̀dé láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá sọ òótọ́, wọ́n á sọ ọ́ di àríyànjiyàn, Ọlábọ̀dé á sì rí ohun sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkùnrin yìí ò tó ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣòfò lé lórí.

Ó dìde, ó wọlé lọ di àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ sínú àpò. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa gbéra lọ sí Kánò.