Gègé Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀bẹ

Obìnrin inú géèmù tí wọ́n ń fi hàn lójú ògiri náà fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, ó yí òbìrí lẹ́ẹ̀mejì lófuurufú, ó sì ti gún ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta lọ́bẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Àǹtí Atẹ̀wé nìkan ni kò pa á. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ń wo ògiri bí ẹni tó rí olè tó wọ aṣọ ìyá rẹ̀ kọjá lójú pópó.

"Ta nìyẹn?" ó bi wọ́n.

Ọ̀gá Géèmù, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ni ilé iṣẹ́ náà, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun náà ni, Mọ́mì. Akọ̀wé Ẹnu-Ọ̀nà. A kàn tún un ṣe díẹ̀ fún àwọn ọmọ ìwòyí ni."

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ náà ni, mà."

Kò sí ẹni tó mọ Akọ̀wé Ẹnu-Ọ̀nà tó Àǹtí Atẹ̀wé láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ìwé tí wọ́n ti mú Akọ̀wé náà jáde, ṣùgbọ́n òun ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ń yí nǹkan padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tí kò bọ́ lára rẹ̀ mọ́. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ láti kékeré, tó ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀. Láti ojú ewé kìíní títí dé ìgbẹ̀yìn, obìnrin náà kò dìde lórí àpótí yẹn. Adájọ́ tó ń ta ìdájọ́ ló ń tọ̀ ọ́ wá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń tọ̀ ọ́ wá, gbogbo wọn ló sì ń kúrò níwájú rẹ̀ ní kíkéré ju bí wọ́n ṣe dé lọ. Lẹ́tà mọ́kàndínlógójì ló fi ṣẹ́gun adájọ́ náà, kò sí ohun ìjà mìíràn. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò kọ ọ́, àtàpótí, àtẹsẹ̀, àtẹnu.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ, ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún ẹni méjì: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ lọ́yà, àti àbúrò rẹ̀ yìí. Bí àwọn méjèèjì kò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo orúkọ ìwé náà tàbí orúkọ obìnrin inú rẹ̀. Lọ́yà ti fọwọ́ sí tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó jókòó ti àǹtí rẹ̀ báyìí, ó na bírò sí i.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti yọ ìwé Bàbá kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ilé ìtàwé kankan ò ní in mọ́. Bí géèmù yìí ò bá jáde pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, tó bá fi máa di ọdún márùn-ún sí i, ta ni yóò mọ̀ pé ó gbélé ayé rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó ń dun òun náà nìyẹn, òun ló sì mú un wọ bàtà jáde nílé láàárọ̀ yìí. Ó gba bírò náà. Kó tó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tún gbójú sókè wo ògiri.

"Ọ̀bẹ méjì yẹn, ibo lẹ ti rí i?"

"Inú ìwé ni, mà," Ọ̀gá Géèmù dáhùn.

"Ojú ewé mélòó?"

Ọ̀gá Géèmù wo ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ńlá, ayàwòrán wọn. Ayàwòrán wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èèpo ẹ̀yìn ìwé ni, mà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwòrán ẹ̀yìn ìwé nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ó mú ọ̀bẹ dání níbẹ̀."

Àǹtí Atẹ̀wé ṣí báàgì, ó fa ìwé kan yọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè rí i. Àtẹ̀jáde kẹrin ni. Obìnrin kan jókòó lójú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ohun tó mú dání gùn, ẹnu rẹ̀ mú, yíǹkì sì ti dà lé e lórí tó fi dúdú bí irin.

"Gègé ni," ó wí. "Gègé ìkọ̀wé. Àwọn òǹtẹ̀wé ló da yíǹkì sí i, ẹ̀gbọ́n mi sì bá wọn jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ rí gègé, ẹ pè é lọ́bẹ. Ọ̀kan ò sì tó yín, ẹ sọ ọ́ di méjì."

"Ọ̀kan kéré fún ìjà, mà," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

"Àpótí tó jókòó lé ńkọ́?"

"Mo rò pé òkúta ni, mà," Ayàwòrán wí. "Mo ní kó máa ti orí ẹ̀ fò."

Àǹtí Atẹ̀wé mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹni tó bá ka orí mẹ́ta péré á mọ̀ ọ́n. Nínú ẹsẹ̀ obìnrin yìí méjèèjì, èwo ni kò ṣeé tẹ̀?"

Àwọn kan yíjú sí obìnrin orí ògiri, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀?" Ọ̀gá Géèmù wí. "Ṣé nǹkan ṣe é lẹ́sẹ̀ ni?"

Àǹtí Atẹ̀wé yíjú sí Lọ́yà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìtìjú àwọn ará ìta yìí ti pé. "Sọ fún wọn."

Lọ́yà ń wo fóònù tí kò dún. "Àǹtí mi, ìyẹn kọ́ la bá wá."

"Mo ní kó o sọ fún wọn."

"Ó ti pẹ́ tí mo kà á."

"Ìgbà wo?"

Lọ́yà dojú fóònù náà délẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí i. Inú ìwé yẹn nìkan ló ti lè mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àǹtí Atẹ̀wé wò ó, wò ó, ó sì yé e pé kò kà á tán rí. Ìbínú tó ti ń bá àwọn ará ìta bọ̀ ṣẹ́rí padà, ó wọlé tọ ọmọ ilé.

"Àwọn wọ̀nyí ò bá mi tan," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè. "Ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó bá ìwé mu régí. Ìwé wo ló bá mu?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Ọ̀gá Géèmù dá sí i. "Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ò le. A lè ní kó máa tiro díẹ̀ ní ìparí, lẹ́yìn tó bá ti pa adájọ́."

"Ó pa adájọ́?"

"Ó gé e lórí, mà. Ibẹ̀ ló dùn jù."

Àǹtí Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́ létí. "Adájọ́ yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ ka lẹ́tà tó kẹ́yìn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú, ó bọ́ aṣọ oyè rẹ̀, ó rìn lọ sílé ní síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìka mi yìí ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin gé e lórí. Ẹni tí wọ́n gé lórí, kí ló fẹ́ fi tijú?"

"Kò sẹ́ni tó máa ra géèmù tí èèyàn ti jókòó sójú kan, mà."

"Ta ló bẹ̀ yín? Tó bá jẹ́ ẹni tó ń fò lẹ fẹ́, ẹ bí tiyín. Ẹ ní orí, ẹ ní kọ̀ǹpútà kún ilé. Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ ìyá mi lẹ fẹ́ fi daṣọ bò ó?"

Ó ki bírò bọ àpò àyà Lọ́yà. "Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò báyìí, kí n fojú mi rí i."

"Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ gbé e jáde, mà."

"Ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tuntun, ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ yára díẹ̀, kẹ́ ẹ wá orúkọ fún tiyín."

Ọ̀gá Géèmù wo Lọ́yà. Ó fi orí júwe fún Ayàwòrán pé kó yọ ọ́. Ayàwòrán tẹ bọ́tìnnì kan, orúkọ tó wà lókè orí obìnrin náà sì pòórá. Ó ku obìnrin kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, tó ń mí gúlegúle, tó ń ju ọ̀bẹ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó ń dúró de ẹni tó máa rán an níṣẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Àǹtí Atẹ̀wé wí. "Kó máa pa wọ́n lọ. Mi ò bá òun jà."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ayàwòrán tó sáré gbé ìwé tẹ̀ lé e. "Mà, ẹ gbàgbé ìwé yín."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀. Mú un lọ sílé. Bó o bá kà á tán, wàá mọ ohun tó o bà jẹ́."

Wọ́n wọ ọkọ̀, Lọ́yà sì wà á kọjá oríta kejì. "Ẹ ti sin Bàbá lẹ́ẹ̀kejì lónìí," ló wá wí. "Wọn ò ní rántí ẹ̀ mọ́."

"Kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n máa rántí ẹlòmíì ní orúkọ ẹ̀ lọ."

Lọ́yà wakọ̀ díẹ̀ sí i. "Orí kejì ni mo dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń tilẹ̀kùn mọ́ra wọn, òun àti obìnrin inú ìwé yẹn. Òun ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í bá èmi sọ ọ́. Mo kórìíra ẹ̀ délẹ̀délẹ̀."

Àǹtí Atẹ̀wé gbọ́. Ó ká a lára, nítorí òun náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú wọn, ó ń tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n kò tú ojú ká.

"Kó o kórìíra ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ ni," ó wí. "Èmi ì bá má bá ẹ jà sí i. Pé o fọwọ́ síwèé pé o mọ̀ ọ́n, òun ni mi ò gbà."

Wọ́n dé iwájú ilé rẹ̀. Lọ́yà pa ọkọ̀, kò sì yọ ọwọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ìdarí. "Ẹsẹ̀ wo ni, Àǹtí mi?"

"Mi ò ní sọ fún ẹ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ibo ni mo ti máa rí i kà? Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí nílé ìtàwé."

"Ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ mi, ìṣojú ẹ ni mo gbé e fún ọmọ yẹn." Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Padà lọ tọrọ ẹ̀. Kó o sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Tó bá fi máa di ìgbà tó o débẹ̀, á ti dé orí kẹta, àgbà ẹ ni."