Òrí Lára Apá Bàálù

Kí ẹnikẹ́ni tó bú Adégbóyèga, ìyá rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ bú. Ìyátúndé, àgbà obìnrin Ọ̀kà tó ń ta yìnyín ní Ìkàrẹ́, òun ló gbé igbá òrí dé pápá bàálù Àkúrẹ́, tó sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ọmọ òun ló rán òun, tó sì fi òrí pa apá bàálù bí ẹni ń para fún ọmọ ìkókó. Títí di òní, bó bá rántí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á gbá ara rẹ̀ ní ìdí: "Ìdí ràbàtà, ọpọlọ bíńtín!"

Ọ̀rọ̀ àna ló fà á. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí Adégbóyèga fẹ́ fẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ti ní àwọn kò mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kà. Ó ní wọn yóò mọ̀ ọ́n: inú bàálù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni òun àti ìyá òun yóò ti wá tọrọ ọmọ wọn. Ìyátúndé sì ti pàṣẹ kí gbogbo Ìkàrẹ́ gbójú sókè wo òun bí òun bá ń fò kọjá.

Zacchaeus, ọmọ ìlú Ìpè tó ń wa bàálù náà, wo ojú ọ̀run. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró. Omi inú kùrukùru òkè yẹn tutù ju yìnyín lọ, kò kàn tíì dì ni. Ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa dì mọ́."

"Yìnyín? Ní Nàìjíríà?" Adégbóyèga fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyátúndé gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. "Zaki, fírísà mi tòun ti iná Nẹ́pà, omi kì í dì nínú rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ojú ọ̀run tí kò ní wáyà ni yóò wá dì í?" Ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Bó bá tiẹ̀ dì, ṣebí òun ti fi òrí pa apá bàálù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa àwo rẹ̀, kí yìnyín lè yọ̀ bọ́.

Wọ́n gbéra. Ìkàrẹ́ gbójú sókè lóòótọ́. Kùrukùru ni wọ́n rí. Nígbà tí èyí tó ga jù dí ọ̀nà níwájú, Adégbóyèga ní, "Gun orí rẹ̀!"

Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hù níwájú apá bàálù. Bàálù ń gbọ̀n, ó ń rẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń kérora bí obìnrin tó ń rọbí.

"Gbé imú rẹ̀ sókè!" Adégbóyèga pariwo.

"Bí mo bá gbé e, a ó já bọ́ bí ọsàn! Yìnyín ti ba ojú apá jẹ́, afẹ́fẹ́ ò lè gbé wa mọ́!"

Ìyátúndé na ọrùn wo òrí rẹ̀. Òrí ti dì gbagidi lábẹ́ yìnyín. Òun tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá mú, ṣe ló máa ń sá òrí sóòrùn kó tó lè fi para! Ó ké "Yéè!", ó sì tọ̀ sára ìró àna. Nínú bàálù náà, ìtọ̀ yẹn nìkan ló gbóná.

Zacchaeus darí imú bàálù sísàlẹ̀, síbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Yìnyín ń já, ó ń gbá ara bàálù gbàù gbàù bí òkúta lórí páànù. Àkúrẹ́ ni wọ́n padà sí. Zacchaeus kó kọ́kọ́rọ́ lé Adégbóyèga lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò Ìpè, kò wẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́, Ìyátúndé ń fọ ìró ní Ọ̀kà nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tó ń súfèé.

"Ọkọ mi, mọ́tò ń lọ sí Jọ́ọ̀sì o. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

"Mọ́tò kẹ̀? Ká wá bọ́ sílẹ̀ lójú àna pẹ̀lú eruku? Mo ti rí ẹlòmíràn tí yóò wa bàálù, ìyẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá, ẹ ṣáà wọ súwẹ́tà lọ́la."