Ọ̀tún, Òsì, Òsì

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, aago mẹ́ta ọ̀sán kù díẹ̀, lẹ́yìn orí mi gan-an, nínú ọkọ̀ ọ́fíìsì aláwọ̀ eérú. Ọ̀tún. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ọ̀tún, òsì. Lẹ́yìn náà... àbí kí n kanlẹ̀kùn, kí n sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó ṣí fáìlì yẹn? Ó ti wà nínú yàrá lọ́dọ̀ Màdáámù báyìí. Ilẹ̀kùn tì. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga.

Ó ti dàgbà. Ó kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orúnkún díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Kò mọ̀ mí. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ mí? Ìpàkọ́ mi nìkan ló rí. Ká ní mo kọ ẹ̀yìn sí i ni, bóyá...

Jókòó jẹ́ẹ́, àgbàlagbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ ọ, wọ́n á pè ọ́. Ta ló ń pe dẹ́rẹ́bà? Ọdún méjìlélógún ni mo fi wakọ̀ fún ọ́fíìsì yìí, tí à ń lọ gba ọmọ tí ewu wà lórí rẹ̀ kúrò nílé, ọ̀gá kankan ò bi mí ní nǹkan kan rí ju "Ṣé epo ṣì wà?" lọ. Epo wà. Epo máa ń wà.

Ọ̀tún, òsì, òsì.

Kì í ṣe orin. Màdáámù rò pé orin ni. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú, ó ń kọ̀wé lórí itan, ó ní, "Ó mà ń kọrin." Ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹ̀yìn àga mi. Bí mo bá yà sósì, ọwọ́ òsì. Á wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á tò ó látòkèdélẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ọ̀nà ilé ni ọmọ yẹn ń kà. Ó fẹ́ kà á padà.

Ẹ̀yìn mi ṣì mọ ọwọ́ yẹn. Títí dòní. Ó fúyẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò fẹ́ jí onílé. Mi ò tíì rí ohun tó wù mí tó kí ọwọ́ yẹn tún gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i.

A ò bímọ, èmi àti ìyàwó mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jókòó sẹ́yìn mi, ọ̀kan ò bá mi délé. Kí ìyàwó mi tó kú, níbi oúnjẹ báyìí, á ta mí nígbọ̀nwọ́: "Ọkọ mi, ta lẹ tún ń júwe ọ̀nà fún o?" Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ń lọ. Ọ̀tún, òsì, òsì, ọ̀tún... "Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún jẹun ná, kó tó máa lọ." Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò sọ fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìyá ọmọ náà ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ìdájí ni. Kò rẹ́ni bá a dúró ti ọmọ, ló bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ gbóúnjẹ kaná fúnra rẹ̀, iná ran kọ́tìnì, aládùúgbò já ilẹ̀kùn. Mi ò lè ní kò yẹ ká lọ. Ó yẹ ká lọ. Ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Ìlà kan ló ń dùn mí. Ìlà kan péré tí Màdáámù kọ sínú fáìlì:

Ọmọ náà dákẹ́ títí a fi dé. Kò bèèrè ilé.

Mo kà á fúnra mi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé, orúkọ tí wọ́n kọ sára fáìlì tí mò ń kó wọlé ni mo fi kọ́ ọ. Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́jọ́ ogbó?" Mo ní mo fẹ́ fi kà á. Ó ní orí mi le ju bọ́ńpà ọkọ̀ mi lọ. Ó le. Ó ṣì le. Nígbà tí yóò fi tó ọdún méjì, mo wá fáìlì ọmọ yẹn rí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ kíkà rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó di dandan kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lákọsílẹ̀ níbì kan.

Dákẹ́. Kò bèèrè.

Ìlà yẹn náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ibi tí ọmọ yóò gbé kà síta nígbà tí ìyá ní ọmọ òun ń fẹ́ ilé. Fèrèsé ṣí, mò ń nu ọkọ̀ nísàlẹ̀. "Níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyá? A ò rí i níbí." Wọ́n gbé ọmọ fún ìdílé mìíràn, lọ́nà jíjìn. Ìdílé tó dára ni, wọ́n ní. Ọdún kẹrin rèé tí ìyá ti kú. Ọmọ ti ń ka fáìlì lọ́wọ́ báyìí, yóò dé orí ìlà yẹn, yóò sì gbà pé òun kúrò lẹ́yìn ìyá òun bí ẹni bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, òun ò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí mo wá ṣe níbí nìyí. Pé kí n ní, ọmọ mi, irọ́ ni. O bojú wẹ̀yìn. Mo gbọ́ ọ.

Àti ráńdábáòtù ńkọ́? Ṣé wàá sọ ìyẹn?

Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kí n gbà á kọjá. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọbìnrin kan sá jáde nílé àwọn ọmọ tí à ń kó wọn lọ, ó rántí ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù gbá a lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára àga fún oṣù kan. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ kíkà yìí, mo yí sítíárìn. Mo yí i. Mo tún yí i. Ọwọ́ méjèèjì ń gbá àga mi láìtò. Ọ̀tún, òsì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀... Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún, òsì...

Ó dákẹ́.

Àánú ni mo pè é. Ó ṣì lè jẹ́ àánú. Ṣùgbọ́n kí Màdáámù wá kọ ọ́ pé kò bèèrè! Màdáámù kì í ṣèèyàn burúkú o. Inú ọkọ̀ ló máa ń bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ kó tó wọ ilé onílé, kí ọmọ má baà gbọ́ kó-kó-kó kí àyà rẹ̀ já. Bírò rẹ̀ ló kàn yá ju etí rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń wí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé kà. Bírò rẹ̀. Ẹ̀bi bírò rẹ̀ ni...

Ilẹ̀kùn ṣì tì. Wọn ò fa àga mọ́. Ó ń kà á.

Dúró ná. Bírò yẹn dúró. Lẹ́yìn ráńdábáòtù, Màdáámù ò kọ nǹkan kan. Kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Kí ló sọ? "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn. Kí ló ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan? Ṣé ilé ló ń bèèrè ni?"

Ó bi mí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọdún méjìlélógún, ọ̀gá kan bi dẹ́rẹ́bà ní ìbéèrè tí kì í ṣe ti epo. Mo sì dáhùn. Mo wo ọ̀nà, mo ní, "Rárá, Màdáámù. Ó ti dákẹ́. Kò bèèrè ilé."

Bírò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ọ̀rọ̀ mi ni. Mi ò tíì mọ̀wé kọ nígbà náà, èmi ni mo sì kọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú sí ìlà yẹn, ohùn ara mi ni mò ń kà.

Bẹ́ǹṣì tí ìyá ọmọ náà máa ń jókòó sí ni mo jókòó sí yìí. Gbogbo ọjọ́ Ajé. "Bọ̀dá dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi ńkọ́?" "Ó wà, ó ń jẹun dáadáa." Mo ka iye ìgbà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àlejò nígbà tí mo mọ̀wé tán, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àga ti tún ń dún nínú yàrá. Kí wọ́n pè mí o, kí wọ́n má pè mí o, bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, bí mo ṣe máa kà á fún un nìyí, láìfi ọ̀kan pamọ́. Kọ́nà méje láti ilé rẹ̀. Ó ka márùn-ún. Ìyípo mẹ́ta, èmi ni. Gbólóhùn kan, èmi ni. Ọjọ́ Ajé mọ́kànléláàádọ́ta lórí bẹ́ǹṣì yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún láti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ìyá kan.