Kóòtù Kákí Hezekiah

Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni Hezekiah ní tó ṣeé wọ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, ìyẹn náà sì ti ya lẹ́yìn. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá múra bíi tíṣà kò ní ṣe ìdánwò ìkọ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi yà sí ọjà Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ tí wọ́n gba họ́lídè, níbi tí Mùsílímátù máa ń da òkìrìkà sílẹ̀ lórí àpò ìdọ̀họ.

Hezekiah lóṣòó, ó ń tú òkìtì aṣọ náà. Ọ̀kan gùn jù, òmíràn jẹ́ ti obìnrin, kòkòrò ti jẹ ẹ̀kẹta. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti fa kóòtù kákí kan yọ, tòun ti àpò mẹ́rin àti bọ́tìnì idẹ, kò ya níbì kankan. Ojú abẹ́rẹ́ ṣì hàn ní èjìká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti tú àmì kan kúrò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín owó rẹ̀ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo yín," ni Mùsílímátù wí. "Wọ̀ ọ́ wò ná."

Ó bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n rán an fún. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní kó mú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kó máa lọ. Hezekiah kò bọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọkọ̀ lọ sí Akanran.

Ọdún náà ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò san owó orí mọ́. Hezekiah ti gbọ́ ọ nínú rédíò pé ìjà ń bẹ lọ́nà oko, ṣùgbọ́n ilé wọn ló ń lọ. Ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà abúlé nínú oòrùn ọ̀sán. Kò tíì dé odò tí ọkùnrin mẹ́ta fi yọ sí i láti inú oko kòkó. Ará abúlé kejì ni wọ́n, kò mọ̀ wọ́n rí. Àdá wà lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú, Sàníù lorúkọ rẹ̀.

"Agbowó-orí," ni Sàníù wí, ó ń wo kóòtù kákí náà.

Kùmọ̀ ti bà á lórúnkún kó tó lanu. Ó ṣubú. Kùmọ̀ kejì bà á lẹ́nu, eyín méjì sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ta á nípàá ní ìhà, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ bí egungun ṣe ń ṣẹ́.

"Ọmọ Àrẹ̀mú ni mí," ló ń wí. "Àrẹ̀mú oníkòkó. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n dáwọ́ dúró. Sàníù di ọrùn kóòtù náà mú. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni àwọn bíi tìrẹ yìnbọn pa Àrẹ̀mú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èmi gan-an wà níbi tí a ti sin ín. Orúkọ òkú lo wá ń pè?"

Bí Hezekiah ṣe gbọ́ pé bàbá òun ti kú nìyẹn. Igbe tó ké kì í ṣe ti ìyà tó ń jẹ ẹ́. Àdá ti lọ sókè. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí, àdá sì gé ìka méjì bọ́ sínú ewé.

Leah, ìyá rẹ̀, ń pọnmi lódò nígbà tó gbọ́ igbe náà. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú ọmọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn rẹ̀. Ó sáré wá, ó sì dùbúlẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi ni, Sàníù. Bí ikú Àrẹ̀mú kò bá tíì tó, pa àwa méjèèjì pọ̀."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Sàníù. Leah bọ́ kóòtù náà lára ọmọ rẹ̀, ó jù ú sódò, ó sì fi gèlè di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Sàníù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Hezekiah pọ̀n. Inú igbó ni wọ́n gbà dé ilé nọ́ọ̀sì kan ní Akanran, torí ọlọ́pàá wà lójú títì. Ẹkún ń mi ẹ̀yìn ọkùnrin náà tìtì. Hezekiah kórìíra ẹ̀yìn yẹn, kò sì lágbára láti sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá wá béèrè ẹni tó ṣá a. Leah wolẹ̀.

"Igi ni mo ń là," ni Hezekiah wí.

Kò mọ̀ bóyá àánú Sàníù ló ṣe é, tàbí torí pé kákí ni àwọn tó ń bi í léèrè náà wọ̀.

Lọ́dún kejì, ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ní gbogbo ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde, Sàníù a gbé iṣu wá fún Leah. Leah a gbà á, a gún un. Hezekiah kò fọwọ́ kàn án rí.